Dókítà Tó Wo Etí Kó Tó Wo Ojú

Inú etí rẹ̀ ni dókítà náà kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀.

"Di imú, pa ẹnu dé, kí o wá fẹ́ atẹ́gùn," ló wí, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́.

Ẹja ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹja làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe obìnrin náà, torí wẹ́dà abẹ́ omi ni, ìdí afárá ló ti ń jó irin pọ̀. Lọ́dọọdún, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó fọwọ́ sí i pé ara rẹ̀ gbà á, kó tó lè padà sómi.

"Awọ etí rẹ ń mì dáadáa."

"Ṣé ó rẹwà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí tọ́ọ̀ṣì fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, ìyá dókítà yarí.

"Ìyàwó ọmọ mi kọ́ ni yóò máa rì sómi bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìwọ lò ń fọwọ́ sí i, àbí? Má fọwọ́ sí i mọ́. Yóò jókòó sílé fúnra rẹ̀."

Àkókò àyẹ̀wò tún pé. Dókítà ò mú tọ́ọ̀ṣì. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní lè yẹ̀ ọ́ wò mọ́."

Ẹja dìde. "Màmá ẹ ti borí nìyẹn. Mi ò ní fiṣẹ́ mi sílẹ̀ torí ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ."

"Gbọ́ mi ná, ọkàn mi. Bí mo bá gbọ́ ohun tí kò dáa láyà rẹ, mo lè díbọ́n pé n ò gbọ́. Bí n ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù Màmá lè mú kí n sọ pé mo gbọ́. Ọ̀gá mi obìnrin ni yóò yẹ̀ ọ́ wò. Kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kò sì mọ Màmá."

Ọ̀gá náà ò mọ eré. Ó ní kí Ẹja fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní kó sáré. Ó bi í bóyá ó lóyún. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì lọ bá Màmá.

"Ẹ kú ìsinmi, Mà. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, ara mi le. Mò ń padà sómi lọ́la."

"Ṣé abẹ́ omi lo máa bímọ sí ni?"

"Rárá, Mà. Ọjọ́ tí mo bá lóyún, orí ilẹ̀ ni mo máa wà. Òfin iṣẹ́ wa ni. Àmọ́ n ò tíì lóyún, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O ò lè bá a wí?"

"Ọkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́, Màmá. N kì í ṣe dókítà rẹ̀ mọ́."

"Bí mi ò bá gbà ńkọ́?"

Ẹja fa àga, ó jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí. "Ẹ má tíì gbà, Mà. A ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ kàn sọ irú aṣọ tí ẹ máa wọ̀ fún wa."

Màmá wò ó títí, ó wá kọjú sí ògiri.

"Èyíkéyìí," ló wí, "tí kò bá ti ní àwọ̀ omi."