Odò Tí Asápà Gbàgbé

Nígbà náà, ìyá Asápà ṣì wà láyé, ó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ọtí àgbàdo. Alépà, ọ̀rẹ́ Asápà, náà ṣì wà.

Lórí òkè àwa ẹ̀yà Lísù, Asápà nìkan ló mọ orin ọ̀nà òkú. Bí ènìyàn bá kú, òun ní í jókòó ti òkú, tí í máa dárúkọ òkè àti odò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀mí á fi dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá. Kò gbọdọ̀ fo odò kan, kí ẹ̀mí má bàa há sí etí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti sin òkú, orin náà kò ṣeé tún kọ.

Èyí mú kí Asápà máa gbéraga. A máa sọ fún àwọn ọlọ́fọ̀ pé, "Ẹ bu ọtí kún un o, àbí kí n fi bàbá yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì bù ú.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú. Asápà ti mutí yó kó tó jókòó tì í. Ó kọrin, wọ́n sin ín. Ọjọ́ kẹta tí ọtí dá lójú rẹ̀ ló rántí pé òun kò dárúkọ odò kẹsàn-án, èyí tó jìn jù.

Ó fa ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí ojúbọ Bàbá Abúlé, ẹ̀mí tó ń ṣọ́ abúlé, lábẹ́ igi ńlá tó wà lókè àwọn ilé, níbi tí obìnrin kì í dé. Ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi náà láti òwúrọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé e kọjá."

Ewé ló ń já lé e lórí. Ó pa ẹlẹ́dẹ̀ kejì. Ewé náà ló tún já. Bó bá gbọ́ ìró omi, á ní ìyá òun ló dúró létí odò yẹn.

Alépà, tó ti gba Jésù, wá bá a nílé.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà tí ò ń kọ yẹn, o ti rìn ín rí?"

"Ṣé òkú ni mí ni? Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ẹnìkan ti rìn ín, ó sì padà wá. Jésù ni. Òun gan-an ni ọ̀nà."

"Ìyá mi ńkọ́?"

Alépà dì í lọ́wọ́ mú. "Mi ò mọ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ẹni tó dá odò ló mọ̀. Àmọ́ ìwọ ṣì wà létí odò tìrẹ."

Asápà sunkún bí ọmọ ọwọ́. "Jésù, mi ò mọ ọ̀nà. Ọ̀mùtí ni mí, onírera ni mí. Fà mí lọ́wọ́."

Kò fẹnu kan ọtí mọ́. Ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, bó bá gbọ́ ìró omi, á rántí ìyá rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ bi í pé, "Bàbá, ta ni yóò kọ ọ̀nà fún yín?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti dé."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ẹnu ta lo gbójú lé? Ẹnu náà lè mutí yó lọ́jọ́ tìrẹ. Ronú pìwà dà. Ké pe Jésù lónìí, nígbà tí ohùn ṣì wà lọ́fun rẹ.