Ibi Tí Ó Gé Kúrò

Ní ọ̀sán Sátidé, ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó gbé fóònù lé orúnkún, ó ń ya fídíò. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Orí oníbàárà ni wọ́n dojú kọ.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá wọn gúnlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún wọn ti máa ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá gbé kílípà sókè, á máa gbọ̀n rìrì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá ti fi ìka tó kéré jù lé orí oníbàárà, ọwọ́ á dúró gbọin, irun á sì lọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó lọ. Kò sí ẹni tó tíì fara gbọgbẹ́ lórí àga yẹn.

"Dárẹ́kítọ̀" ni wọ́n ń pe ọmọ náà níléèwé, nítorí áàpù tó fi ń gé fídíò. Àmọ́ ó ti tó oṣù kan tí fídíò rẹ̀ ò rí ẹni wò ó. Ó gé ibi tí ìka ti balẹ̀ kúrò. Ó mú ibi tí ọwọ́ ti ń gbọ̀n, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ó mú un yára, ó fi ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn sí i lábẹ́. Ẹ̀rín pa òun náà. Ó gbé e síta.

Ní Mọ́ńdè, kíláàsì dàrú.

"Dárẹ́kítọ̀, o fẹ́ pa mí. Ṣé ibà ń ṣe kílípà yẹn ni?"

"Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, kó yáa kọ́kọ́ kó etí rẹ̀ sápò."

"Ta ni baba yẹn gan-an?"

Ọmọbìnrin náà yí ojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì.

"Baba kan ládùúgbò wa ni. N ò mọ̀ ọ́n."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àga ṣófo títí di ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí irun nílẹ̀. Ìyá kan tó máa ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò mú ọmọ kankan dání.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn ọmọ. N ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Wọ́n wò ó dé òpin. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo igun tí ẹni tó yà á jókòó sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n pe ọmọ wọn.

"Ibi tí mo ti fi ìka lé orí dà?"

"Mo gé e kúrò, sà."

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Mo ní n ò mọ̀ yín."

Bàbá rẹ̀ ká wáyà kílípà jọ, wọ́n rọra gbé e kalẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lóòótọ́. N ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Àmọ́ o ní o ò mọ̀ mí."

Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n gbá a létí.

Ó pa fídíò náà rẹ́. Àwọn mìíràn ti gbà á sórí fóònù tiwọn. Ó gbé odindi rẹ̀ síta, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bàbá mi nìyí. Èmi ni mo gé e." Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wò ó. Àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Ó bá fẹsẹ̀ rìn ín. Ó ń lọ láti ilé oníbàárà kan dé òmíràn, ó ń fi odindi fídíò náà hàn wọ́n. Nílé télọ̀ kan, ọkùnrin náà wò ó títí.

"Bàbá tó bí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O kúkú ṣe é." Ó ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá yẹn mú àkọ́bí rẹ̀ wá. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀. Kílípà gbọ̀n lókè, ọmọ náà di ojú pinpin. Ìka balẹ̀, ọwọ́ dúró. Ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oníbàárà díẹ̀ padà. Púpọ̀ ò padà. Ibi tó gé kúrò ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, níbẹ̀ sì ni òótọ́ wà. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó sọ ẹnì kan di ẹ̀rín fáyé, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e síta.