Ọjọ́ Tí Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ìtura Kùnà

Ọlọ́wọ́-Ìtura ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Réíkì, ìwòsàn àgbélé-ọwọ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Japan wá, ni iṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá kan tí ó kùn ní funfun, aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tóóró, obìnrin náà yóò rọra gbé ọwọ́ lé e lórí, lé e léjìká, lé e láyà, yóò sì ní agbára kan ń ti àtẹ́lẹwọ́ òun wọ inú ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ a sùn lọ fọnfọn kí ó tó parí. Wọn a dìde, wọn a nà, wọn a ní ara tu àwọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ìyìn ènìyàn kó sí i lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé kò sí àìsàn tí òun gbé ọwọ́ lé tí kì í gbọ́. Bí wọ́n bá pè é wá sílé ìjọsìn, ẹ̀rín ni yóò fi dá wọn lóhùn.

"Kí ni kí n wá bẹ Ọlọ́run fún? Ohun tí ẹ ń wá lọ síbẹ̀, ọwọ́ mi ló wà."

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígé dígí fèrèsé. Láti kékeré ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD ti ń bá a fínra: ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, èrò mìíràn a já a gbà. Á gbé omi kaná, á gbàgbé. Á máa wá bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Oògùn tí dókítà fún un ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó béèrè nípa Réíkì, dókítà ní kò burú bí ó bá fẹ́ fi sinmi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi rọ́pò oògùn.

Ó lọ sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú bí obìnrin náà gidigidi.

"Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń pè ní ìsinmi? Da oògùn yẹn nù. Èmi tó ọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o. Dígí ni mò ń gé, kì í ṣe ẹ̀fọ́."

"Ta ló tọ́ ọ dàgbà? Ṣé mo ti tàn ọ́ rí?"

Àbúrò rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀ lórí tábìlì obìnrin náà.

Nígbà tí ó padà wá gba ìtọ́jú, obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e títí, kò sùn, kò sinmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń sáré káàkiri àjà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọ inú Ọlọ́wọ́-Ìtura. Bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ a já. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ní kí ọmọ náà padà sídìí oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù dún lóòótọ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ dígí ni.

"Ẹ tètè máa bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ó sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ gbé dígí ńlá kan lọ́wọ́, nǹkan kan fa ọkàn rẹ̀, ó yí padà lójijì, dígí gbá igun tábìlì, ó fọ́, ó sì gé e lápá. Ilẹ̀ ni ó wà nígbà tí obìnrin náà dé, ọ̀gá rẹ̀ fi aṣọ tẹ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ẹ gbé ọwọ́ lé e. Ẹ ṣáà ní ẹ tó mi."

Ó kúnlẹ̀ sáàárín àfọ́kù dígí, ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i.

"Ẹ mọ́wọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí n dì í!" ni ọ̀gá náà pariwo. Wọ́n dì í gírígírí, wọ́n gbé e sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti wá bá a, aránṣọ kan tí obìnrin náà ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ nítorí pé ó gba Jésù gbọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti pa àbúrò mi."

"Kò tíì kú."

"Bó bá kú ńkọ́? Bí èmi náà bá kú, níbo ni màá wọlé sí? Ọwọ́ yìí ni mo sọ di Ọlọ́run. Òfìfo ni!"

Aránṣọ náà kò bá a wí. "Mi ò ní sọ pé kẹ́rù má bà ọ́. Ó yẹ kó bà ọ́. Ṣùgbọ́n má sá fún Ọlọ́run, òun gan-an ni kí o sá tọ̀. Jésù ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Kò ní lé ọ."

"Bí mo bá gbàdúrà, ṣé àbúrò mi á yè?"

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Bí mo bá ṣèlérí rẹ̀, ohun tí o ṣe fún un ni mo ń ṣe fún ọ yẹn. Bó yè o, bó kú o, ìwọ nílò ìdáríjì."

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. "Jésù, agbéraga ni mí. Mo purọ́. Ṣàánú mi." Ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé Ẹnìkan ti gbọ́.

Àbúrò rẹ̀ yè. Ìka rẹ̀ méjì kò ṣeé ká mọ́. Nígbà tí ó lajú, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un: "Mo rí i pé kò ṣiṣẹ́, mo sì dákẹ́." Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó pẹ́ kí ó tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó dá a lóhùn. Ó ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ti yàrá funfun náà pa.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bóyá o kò mọ Réíkì rárá. Kí ni tìrẹ tí o fi ń tan ara rẹ àti àwọn tó fọkàn tán ọ? Ṣé owó ni? Àbí ìmọ̀? Àbí ìwà rere tí o rò pé o ní? Bí o bá jíhìn níwájú Ọlọ́run lónìí, ṣé ohun náà yóò gbà ọ́ là?

Ọkùnrin yẹn jáde nílé láàárọ̀ láìmọ ohun tí ó ń dúró dè é. Ìwọ náà kò mọ̀. Má ṣe sún ìrònúpìwàdà rẹ síwájú. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò. Ó ń gbọ́ ọ.