Òwú Ara Wáyà

Sẹ́nẹ́tọ̀, ọmọ kíláàsì Adúmáadán, bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Adúmáadán, kí lèyí? Ṣé ẹ̀rọ orin rèé àbí ońdè?"

Ìtìjú mú ọmọbìnrin náà. Lóòótọ́, kò sí wáyà kan lẹ́yìn ẹ̀rọ náà tí wọn ò so òwú mọ́ lọ́rùn, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Bàbá àgbà rẹ̀, ìyẹn bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ló so wọ́n. Ilé sinimá ni bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ohùn títí ilé sinimá fi kógbá sílé. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó kó jọ sí pálọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ẹnu wáyà wọn ò sì bára mu. Òun ló gé wọn, tó fi òjé jó wọn pọ̀, tó sọ gbogbo wọn di ẹlẹ́nu kan náà. Nígbà tó wá di pé ẹnu gbogbo ń wọ ihò gbogbo, ó tọrọ òwú lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyẹn Màmá Adúmáadán, tó jẹ́ aránṣọ. Ó so ó mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò tó ni ín. Màmá kì í dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kò mọ ohun tó fi òwú náà ṣe.

"Má wo ihò o," bàbá máa ń wí fún Adúmáadán nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Òwú ni kó o wò. Ihò ò mọ àlejò tó yẹ kó gbà."

Adúmáadán á ní òun ti gbọ́, á sì máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ.

Ní báyìí, rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá àgbà. Apá ọ̀tún ti rọ, ọ̀rọ̀ sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn: téèpù ńlá kan tí ohùn ọmọ rẹ̀, bàbá Adúmáadán tó ti kú, wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ lójoojúmọ́, Màmá á gbé e jókòó, á fi téèpù náà sínú ẹ̀rọ téèpù, á sì tẹ̀ ẹ́. Bàbá Adúmáadán á máa sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á máa pe bàbá rẹ̀ ní "Ọ̀gá mi". Bí Bàbá àgbà ò bá tíì gbọ́ ọ, kì í jẹun alẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Màmá ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó ní kí Adúmáadán jókòó kàwé, torí ìdánwò àṣekágbá ti dé tán. Ṣùgbọ́n kíláàsì wọn fẹ́ ṣe fàájì ìdágbére, Adúmáadán sì ti fọ́nnu fún wọn pé ẹ̀rọ ilé àwọn lè mi ilé tìtì.

"Màmá mi ò ní gbà," ó sọ fún Sẹ́nẹ́tọ̀.

"Ta ló ní kó o sọ fún wọn? Kí wọ́n tó dé, a ti gbé e padà. Àbí ẹnu lásán lo wá ń fọ́n fún wa látọjọ́ yìí? Àmọ́ jọ̀ọ́, tú àkísà yìí kúrò. Mi ò lè gbé ońdè wọ àárín èèyàn."

Adúmáadán mú sísọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀ lórí máṣíìnì ìránṣọ. Ó gé gbogbo òwú náà kúrò, ó sì ṣí àwọn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò dànù. Ó mọ ohun tí òwú náà wà fún. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé ámpù àti sípíkà lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ téèpù sílẹ̀. Fàájì dùn, wọ́n pọ́n Adúmáadán lé, wọ́n sì gbé ẹrù padà kí Màmá tó dé. Nígbà tó ku kí wọ́n so wáyà, Sẹ́nẹ́tọ̀ ní ìyá òun ń pe òun. Adúmáadán nìkan ló kúnlẹ̀ sẹ́yìn ámpù, wáyà kún ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ẹnu sì jọra. Èyí tó bá kì bọ ihò ń wọlé wẹ́rẹ́. "Ó ṣáà wọ̀ ọ́," ó sọ fún ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé ihò tí agbára ńlá ń gbà jáde lọ sí sípíkà lòun ki wáyà ẹ̀rọ téèpù bọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Màmá tẹ téèpù. Ohùn ọkọ rẹ̀ ò jáde. Ẹ̀rọ náà kùn hùùù, òórùn jíjó sì gba pálọ̀ kan. Màmá sáré pa iná.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Màmá. Iná ló ga lójijì lọ́sàn-án."

Bàbá àgbà gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó nà án sí ẹ̀yìn ámpù, ó nà án sí àpótí òwú Màmá. Ó tún nà án sí ámpù, ó tún nà án sí òwú. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá?" Màmá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ó yé Adúmáadán yékéyéké. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ló yé. "Bóyá bọ́tìnnì aṣọ wọn ló já," ó dáhùn.

Màmá mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ aṣọ bàbá wò, ó ń wá bọ́tìnnì tó já. Bàbá àgbà gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan, kò nà án mọ́.

Oníṣẹ́ rédíò tí wọ́n pè lọ́jọ́ kejì jẹ́ aláwàdà. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ yìí, ó gbọ́njú jù mí lọ." Ó wá bèèrè pé, "Kí ló ṣe é gan-an? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni mo máa tẹ̀ lé o."

"Iná ló ga," Adúmáadán yára sọ.

Ohun tí iná gíga ń bàjẹ́ ni ọkùnrin náà tún ṣe. Ó fi wáyà tirẹ̀ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dún. Ó gbé e wá, ó ní oníbàárà ń dúró de òun. "Ṣé o mọ bí wáyà yín ṣe máa ń wà? Ó yá, so ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Adúmáadán la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó wo ojú Màmá, ó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì pa ẹnu dé. Ó pààrọ̀ wáyà kan tàbí méjì, ó ní kí Ọlọ́run bá òun ṣe é. Màmá tẹ téèpù. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín ló jáde.

Nígbà tí oníṣẹ́ rédíò padà wá, ẹ̀yìn ámpù ló wò, àwàdà sì tán lójú rẹ̀. "Ta ló so wáyà báyìí? Háà! Èyí náà ló jó o nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe iná! Tí ẹ bá ti sọ fún mi ni, wáyà ni mi ò bá kọ́kọ́ tún so. Orí tó ń ka téèpù ti jó báyìí, wọn ò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo máa bèèrè káàkiri, àmọ́ ẹ má fọkàn sí i."

Adúmáadán bú sẹ́kún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Màmá ò pariwo. "Nígbà tí Bàbá ń nawọ́ sí òwú, ṣó o mọ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Mo mọ̀, Màmá."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa wá bọ́tìnnì."

Adúmáadán kúnlẹ̀ níwájú Bàbá àgbà, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Bàbá ò wò ó. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Adúmáadán. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ní láti máa rọ̀ ọ́ bí ọmọdé kó tó fẹnu kan oúnjẹ látìgbà náà. Téèpù wà nínú páálí rẹ̀, ohùn wà nínú téèpù, kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Adúmáadán yege ìdánwò rẹ̀. Nígbà tó sọ fún Màmá, Màmá ní, "Ó dáa," ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, wáyà tí Adúmáadán ṣì so kọ́ ni mo bínú sí. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà. Ohun tó bí mi nínú ni pé arúgbó kan ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà yé e, ó sì fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Bí ìgbà yẹn bá ti kọjá, ẹkún nìkan ló kù, ẹkún Adúmáadán ò sì mú ohùn bàbá rẹ̀ padà.