Ẹ̀tù Tí Sidikatou Jọ̀

Fatimata ọlọ́ṣẹ ni ó kọ́kọ́ sọ fún Sidikatou pé ẹ̀tù kíkúnná ló ń fún ìbọn lágbára. Agboolé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé ní Treichville, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, lọ́dún 1969. Ọmọ Ṣakí ni Fatimata, ọdẹ sì ni bàbá rẹ̀. Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ìbọn, kò sí obìnrin tó ń já a ní koro nínú agboolé yẹn.

Sidikatou ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nípa Taïrou ọkọ rẹ̀, bàbá Rakiatou ọmọ wọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ dimanche mẹ́ta rèé tí Bàbá Rakiatou ń ti igbó ẹ̀yìn Niangon bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó ní ìbọn òun ti ń ṣọ̀lẹ."

Fatimata rẹ́rìn-ín. "Ìbọn kì í ṣọ̀lẹ, ẹ̀tù ló ń ṣọ̀lẹ. O ò rí tiẹ̀, wóró wóró bí iyanrìn etí òkun? Èyí tó bá kúnná bí àtíkè ni ẹ̀tù gidi. Ìwọ tó o mọ ata, ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́ fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Sidikatou létí. Ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ló ń tà. Lọ́jà tirẹ̀, èyí tó kúnná ni gbogbo ènìyàn ń béèrè, èyí tó bá sì kù sójú ajọ̀ kò níyì. Bí ata bá ṣe kúnná tó ló ṣe ń tà tó. Kí ló dé tí ẹ̀tù yóò fi yàtọ̀?

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí Taïrou ọkọ rẹ̀ lọ sí mọ́sáláásí, ó fa àdó ẹ̀tù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ sí ilé ìdáná, ó sì fi ajọ̀ ata jọ̀ ọ́. Ó da lẹ́búlẹ́bú tó bọ́ sísàlẹ̀ padà sínú àdó. Ó da wóró tó kù sínú agolo mílíìkì, ó gbé e pamọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kó ya ọkọ òun lẹ́nu ni.

Télọ̀ ni Taïrou, ọjọ́ dimanche nìkan, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, ló ń ṣọdẹ. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń lò, ìbọn tí à ń ti ẹnu kì, tí inú rẹ̀ fẹ̀, tó sì ń dán. Nígbà tó dé igbó, ó rí i pé ẹ̀tù náà kúnná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó rò pé òun ti ń kan ìsàlẹ̀ àdó ni. Ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ṣóńṣó ìwo tí bàbá rẹ̀ fi ń wọ̀n, ó kún dẹ́ńdẹ́, ó ki ọta wẹ́wẹ́ lé e.

Nírọ̀lẹ́, ó wọlé, èjìká rẹ̀ kan ti wú.

"Ìyá Rakiatou, ìbọn ti jí! Ó gbá mi bí ìbaaka!"

"Alhamudulilahi! Ẹran dà?"

"Kò sí." Ó fọwọ́ ra èjìká. "Àparò dúró síwájú mi báyìí. Ọta yí i ká, kò bà á. Ìbọn lágbára, kò sì pa nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi."

Kò yé Sidikatou náà. Ó rò ó títí, ó wá gbà pé ẹ̀tù náà kò tíì kúnná tó ni. Ní dimanche tó tẹ̀ lé e, ó jí lọ sí ọjà Adjamé Roxy láti ra ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré sí i. Ó yà sọ́dọ̀ Bàbá Hamidou, àgbàlagbà ará Ìsẹ́yìn tó ń tún ìbọn ṣe lẹ́bàá ọjà.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Irú ajọ̀ wo ni wọ́n fi ń jọ ẹ̀tù?"

Bàbá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ń jọ ẹ̀tù?"

"Èmi ni."

"Níbo?"

"Nílé ìdáná."

"Iná wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yinná díẹ̀ ni, Bàbá. Ọbẹ̀ wà lórí iná."

Bàbá Hamidou jókòó. "Lọ ṣe sàráà, ọmọ mi. Kì í ṣe ọgbọ́n rẹ ló yọ ọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ọta wẹ́wẹ́ ni ọkọ rẹ ń kì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àtàǹpàkò mi ń wọ ẹnu ìbọn náà."

"Ẹ̀tù oníwóró ńlá ló fẹ́ nígbà náà."

"Ṣùgbọ́n èyí tó kúnná ló lágbára jù. Ẹ̀gbọ́n Fatimata ló sọ ọ́."

"Kò purọ́. Agbára náà gan-an ni mò ń sọ."

"Ah bon? Ó lágbára, kò sì dára? Bàbá, ẹ ti da orí mi rú."

"Koríko gbígbẹ àti igi, èwo ló tètè ń jó?"

"Koríko."

"Èwo lo fi ń se ẹ̀wà?"

"Igi ni."

"Ó dáa. Ọta wẹ́wẹ́ tó kún ìwo wúwo. Wóró ńlá ń jó tẹ̀ léra, ó ń ti ọta lọ títí yóò fi jáde. Lẹ́búlẹ́bú ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, gbàù, kí ọta tó kúrò lójú kan. Níbo ni agbára yẹn máa gbà? Á gbá èjìká, á tú ọta ká, á máa mú irin ìbọn wú. Lọ́jọ́ tó bá sú irin, á bẹ́. Ọwọ́ tó di irin náà mú ńkọ́?"

Ọwọ́ òsì Taïrou ló wá sí Sidikatou lọ́kàn, èyí tó fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Tí mo bá dà wọ́n pọ̀ padà ńkọ́?"

"Rárá o! Ta ló máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́? Ìgbà wo ni ọkọ rẹ ń jáde?"

"Dix heures, aago mẹ́wàá."

Bàbá wo aago, ó ti lé ní mẹ́sàn-án. "Neuf heures ti kọjá."

Sidikatou kò ra ajọ̀ mọ́. Ó sá wọ ọkọ̀.

Nígbà tó dé agboolé, Taïrou ti fi aṣọ wé ìbọn, ó ti gbé àdó kọ́ èjìká.

"Bàbá Rakiatou, ẹ má lọ! Mo jọ ẹ̀tù yín."

"O jọ kí ni?"

"Ẹ̀tù. Ajọ̀ ata ni mo fi jọ̀ ọ́."

Taïrou bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá aláta! Ó kù kó o bu iyọ̀ sí i." Ó wá rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. Sidikatou ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi kan pa mọ́.

Fatimata gbọ́ láti ìdí aṣọ tó ń fọ̀. "Ẹ̀tù bàbá mi kúnná o! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń dà á."

"Níbo lẹ ń dà á sí, Ẹ̀gbọ́n?" Sidikatou bi í.

"Létí ìbọn, níbi tí òkúta ti ń ṣáná." Fatimata gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi. "Èyí tí wọ́n ń kì sí ẹnu ìbọn… wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án rí."

Taïrou gbé ìbọn sílẹ̀. Ó yọ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó tú aṣọ ara ìbọn, ó wọn ìdí irin náà yíká. Ó sún síwájú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó tún wọ̀n. Bí irin ìbọn bá ṣe ń lọ síwájú ló yẹ kó máa tín-ín-rín. Èyí sanra níbẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ó ti wú. Ó wọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ gbọ́. Ẹ̀tù oníwóró ńlá ni ti ọta wẹ́wẹ́ nínú ìbọn tí inú rẹ̀ fẹ̀. Etí ìbọn ni ti lẹ́búlẹ́bú, tíńtín náà ni. Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n kan náà wọn ẹ̀tù tí wóró rẹ̀ ti yí padà, nítorí ìwọ̀n tí bàbá yín fi sílẹ̀, ti ẹ̀tù tí bàbá yín lò ni. Ẹ má jọ ẹ̀tù, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má gbé e dé ibi tí iná wà. Bí ìbọn bá ṣàdédé ń gbáni ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe pé ó jí. Ẹ má yìn ín mọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin aya náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ki ìbọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó ń kì.

Taïrou tún fi aṣọ wé ìbọn. Ó na ọwọ́, Sidikatou sì gbé agolo mílíìkì náà fún un.

"Adjamé lẹ ń gbé e lọ?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

Taïrou fi agolo náà sínú àpò rẹ̀. Ó gbé ìbọn lé èjìká kejì, èyí tí kò wú, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà agboolé, kò sì wẹ̀yìn.