Ẹranko Kọkànlá Inú Ìwé Motoki

Ẹranko mẹ́wàá ni Motoki ní òun kọ sínú ìwé eré dáìsì tí òun ń ṣe. Mọ́kànlá ni Ritsuko kà. Ó tún un kà. Mọ́kànlá náà ni.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Motoki ti wà nílé ìwòsàn, tí okun inú rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ritsuko àti Sohei, kí wọ́n bá òun fi agbára àwọn ẹranko náà wéra, kí eré ti wà ní sẹpẹ́ kí òun tó dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí yìnyín bo ìlú Kanazawa ní Japan, wọ́n jókòó ní yàrá Ritsuko lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná tó ń mú ẹsẹ̀ móoru, wọ́n ń ju dáìsì.

"Dírágónì, àádọ́rùn-ún," ni Sohei wí. "Òmìrán olórí màlúù, àádọ́rin. Ìkẹyìn yìí ńkọ́?"

Ojú ewé náà kò ní àwòrán, kò ní orúkọ. Agbára rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ.

Sohei rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò ni. Jẹ́ kí dírágónì fi í panu."

Wọ́n ju dáìsì. Dírágónì ló kú. Wọ́n gbé òmìrán dìde sí i; òmìrán kú. Nígbà tí ìkẹwàá ṣubú, Ritsuko wo ìwé. Agbára ẹyọ kan ti di ẹgbẹ̀ta, yíǹkì rẹ̀ kò sì tíì gbẹ.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"N ò mú bírò dání."

Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó kàn láti bá a jà ti wà níbẹ̀: Motoki. Agbára, mẹ́ta.

Ọwọ́ Sohei ti ń rá lọ síbi dáìsì, bí ẹni pé wọ́n ń fà á. Ritsuko gbá a mú. Ọwọ́ náà tutù bí irin. Ritsuko mú bírò lórí tábìlì, ó pa orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ dípò.

Fóònù dún. Motoki ni, ohùn rẹ̀ já gaara.

"Ritsuko, ara mi ti fúyẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀kọ ìrẹsì tán."

Omi bọ́ lójú Ritsuko.

"Nǹkan kan ti ń jókòó tì mí láti ọjọ́ yìí," ni Motoki wí. " N ò fẹ́ dẹ́rù bà yín ni n ò ṣe sọ. Ó dìde nísinsìnyí."

"Níbo ló lọ?"

"Ó béèrè ilé yín. Mo rò pé àlá ni. Mo júwe ẹ̀ fún un."

Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Ritsuko ń kí àlejò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín síbí." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ dákun… ṣé ẹsẹ̀ yín rèé?"