Ẹni Tí Ẹnjiníà Ń Bá Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn

Abẹ́ tábìlì ni Fura ti kọ́kọ́ rí i: ẹsẹ̀ gígùn méjì ló yọ síta, ẹni tó ni wọ́n sì fi eyín di wáyà pupa kan mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ̀gá wà?"

Ọkùnrin náà rá jáde, eruku kún irun rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni ọ̀gá. Èmi náà ni mo ń gbálẹ̀. Ẹ bá mi di wáyà yìí mú, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn."

Fura rò ó nínú ara rẹ̀ pé, irú ilé iṣẹ́ wo lèyí? Fura ni orúkọ tí wọ́n fún un nílé láti kékeré, torí kì í mu omi láì yẹ ìsàlẹ̀ ife wò. Báǹkì ńlá ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń ya àwòrán ohun tí oníbàárà ń rí lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè èrò rẹ̀ lé lórí. Níhìn-ín, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ni, ènìyàn márùn-ún péré. Wọ́n ń ṣe ètò kan sórí fóònù, tí aláìsàn á fi mọ ilé oògùn tó ní oògùn tó ń wá.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Owó oṣù a máa pẹ́, bí àìsàn bá sì dá ẹnì kan dúró sílé, gbogbo nǹkan á dẹnu kọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Fura bá yà láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lọ́wọ́ aláìsàn. Lọ́jọ́ tí ìyá arúgbó kan pè láti sọ pé òun ti rí oògùn òun, Ẹnjiníà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá náà, yíjú sí ògiri.

"Ṣé ẹkún nìyẹn?" Fura béèrè.

"Eruku ni."

"Ẹ jẹ́ ká lé ẹni tó ń gbálẹ̀ yẹn lọ, kò mọ iṣẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti wọ àárín wọn.

Nígbà tó yá, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnjiníà á dìde, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pa ilẹ̀kùn dé. Ohùn obìnrin ni Fura ń gbọ́ nínú fóònù, ṣùgbọ́n kò já gaara débi tó fi lè dá a mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Ẹnjiníà ń sọ pé, "Rárá o, kò tíì mọ̀. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Fura gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Àbí ó fẹ́ ta ilé iṣẹ́ náà mọ́ wọn lórí ni? Àbí ó ní ẹlòmíràn?

"Ta ló pè ọ́, olólùfẹ́ mi?"

"Oníbàárà ni."

Oníbàárà wo ni èèyàn ń bá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ báyẹn? Báǹkì tí Fura ti kúrò tilẹ̀ ti ní kó padà wá. Ó fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí obìnrin náà.

Lọ́sàn-án, ó tẹ̀ lé e. Ẹnjiníà ra ọsàn, ó yà sọ́tùn-ún, ó kọjá ilé ẹ̀kọ́ kan. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni ọ̀nà náà ń jọ èyí tí Fura mọ̀. Ó mọ géètì aláwọ̀ ewé yẹn. Ó mọ òdòdó ẹnu ọ̀nà yẹn. Ilé ìyá rẹ̀ ni!

Kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Màámi jókòó bí adájọ́, Ẹnjiníà sì wà lórí àpótí níwájú wọn.

"Màámi! Ẹ̀yin lẹ ń pè é?"

"Èmi ni." Wọn ò tilẹ̀ tijú. "Ilé iṣẹ́ tó lè tú ká nígbàkígbà lẹ jọ wà. Bó bá tú, ebi á pa ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Mo ní bó bá fẹ́ fẹ́ ọ, kó wá iṣẹ́ gidi, kó má sì sọ fún ọ títí yóò fi rí i."

Ẹnjiníà dorí kodò. "Mo ti rí iṣẹ́ olùkọ́. Ilé iṣẹ́ wa, ìwọ ni mo fẹ́ fi í lé lọ́wọ́."

Fura tẹjú mọ́ ọn. Ó wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀, kò rí. Síbẹ̀, inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. "Ẹ kàn jókòó síbí, ẹ ń to ayé mi láìsí mi níbẹ̀. Ta ló bi mí léèrè?"

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí," ni Ẹnjiníà sọ.

"Ó dáa, bi mí léèrè báyìí."

Ẹnjiníà dìde. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni wàá fi kọ́ni. Tó bá pé, èmi á lọ wá iṣẹ́ olówó oṣù, ìwọ á padà sí yàrá iṣẹ́ wa. Bí a ó ṣe máa gbà á lọ́wọ́ ara wa nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó máa ṣèpàdé nípa mi lẹ́yìn mi mọ́. Màámi, ẹ̀yin náà ń gbọ́ o."

Màámi sún díẹ̀ lórí àga gígùn wọn, wọ́n fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Fi àpótí yẹn sílẹ̀, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún Ẹnjiníà. "Wá jókòó síbí."